Ta Ni Ọmọ Ìlú Ọba?

Àwọn ará wa tó wà ní London máa ń bi mí pé, "Pásítọ̀, ta gan-an là ń pè ní ọmọ Ìlú Ọba?" Ẹ jẹ́ ká bi ìtàn.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1948, ọkọ̀ ojú omi Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury. Jamaica ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wà nínú rẹ̀ ti wá. Ogun ti run ìlú, wọ́n sì ń wá òṣìṣẹ́. Àwọn tí kò níbi tí wọ́n máa wọ̀ sí sùn sínú ihò abẹ́ ilẹ̀ ní Clapham South, níbi táwọn èèyàn ń sá pamọ́ sí fún bọ́ǹbù. Brixton ni ọ́fíìsì tó ń báni wáṣẹ́ tó sún mọ́ wọn jù wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì tẹ̀ dó sí.

Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba ṣòfin pé ọmọ onílùú kan náà ni ẹni tí wọ́n bí sí kólónì àti ẹni tí wọ́n bí sí London. Ẹ wá wo ibi tó ti kàn wá o: kólónì ni Èkó, torí náà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ Èkó lójú òfin. Ọmọ Ìbàdàn ńkọ́? Ẹni tí Gẹ̀ẹ́sì ń dáàbò bò lásán ni. Yorùbá kan náà! Òmìnira 1960 ló wá parí ọ̀rọ̀ yẹn.

Láti 1962 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í sé ilẹ̀kùn. Òfin 1971 ní kí àwọn tó ti wà níbẹ̀ máa gbé lọ, àmọ́ wọn ò fún ọ̀pọ̀ wọn níwèé kankan. Nígbà tó yá, òfin 2014 àti 2016 ní kí onílé, ọ̀gá iṣẹ́ àti báǹkì máa bèèrè ìwé. Ní 2018 ni àṣírí tú: àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti kékeré pàdánù iṣẹ́, wọ́n ti àwọn mìíràn mọ́lé, ó kéré tán èèyàn 83 ni wọ́n sì lé kúrò nílùú láìtọ́. Mínísítà Amber Rudd kọ̀wé fipò sílẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́ o. Láti January 1, 1983, bíbí ọmọ sí Peckham nìkan ò sọ ọ́ di ọmọ Ìlú Ọba mọ́. Ó di kí bàbá tàbí ìyá jẹ́ ọmọ onílùú, tàbí kó ní ìwé ìgbélùú títí ayé. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ tí wọ́n bí síbẹ̀, tó sì gbé ibẹ̀ fún ọdún 10 àkọ́kọ́ ayé rẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ láti forúkọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í wá fúnra rẹ̀ o, èèyàn ló ń lọ béèrè.

Pọ́ọ̀lù pàápàá, ìgbà tó sọ pé ọmọ Róòmù lòun ni wọ́n tó sọ pàṣán sílẹ̀. Ẹ̀tọ́ tó wà nílẹ̀ téèyàn ò sọ, ṣe ló dà bí èyí tí kò sí.

Torí náà, ẹ tọ́jú ìwé: ìwé ìbí, ìwé iléèwé, lẹ́tà ilé ìwòsàn. Ẹ má sọ ọ̀kankan nù. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó bímọ síbẹ̀. Olúwa yóò bá wa tọ́jú àwọn ọmọ wa. Àmín.