Àkísà Tó Ń Sọ Àìsàn Ìbọn

Àwọn ọdẹ wa mọ ìbọn tí à ń ti ẹnu kì. Ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 1700, àwọn alágbẹ̀dẹ tó ti Jámánì wá ń rọ èyí tí ilà lọ́ yí ihò rẹ̀ ká nínú. Aṣọ tí a fọ̀rá pa ni wọ́n fi ń wé ọta òjé. Bí aṣọ bá ya, ọta á ṣìnà.

Nítorí náà, bí wọ́n bá yìnbọn tán, wọ́n á ṣa aṣọ náà wò. Bí ó bá gé, ihò ìbọn ló mú jù: wọ́n á dán an. Bí ó bá jóná, aṣọ ló fẹ́lẹ́, tàbí ọ̀rá ni kò tó.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá ọdún 1780, irú ìbọn yìí ni àwọn ará òkè fi ṣẹ́gun àwọn tó ń jà fún ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Kings Mountain. Ẹ má fojú tín-ín-rín àkísà.