Láti Agídìgbo dé Gìtá Béèsì: Ìrísí Ohun Èlò àti Ohùn Ìsàlẹ̀ nínú Orin Yorùbá

Ó rọrùn láti ka gìtá béèsì sí àlejò pátápátá nínú orin Yorùbá, nítorí òkè òkun ni ó ti wá. Ṣùgbọ́n àyè tí ó bọ́ sí kì í ṣe àyè tuntun. Ohun èlò mìíràn ti wà níbẹ̀ tí ó ń di ìsàlẹ̀ orin mú, èyíinì ni agídìgbo.

Àpótí pákó ni agídìgbo. Ó ní ihò lójú, a sì de ahọ́n irin bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún mọ́ ọn. Àtàǹpàkò ni a fi ń ta ahọ́n wọ̀nyí. Òrùka tí ó wà ní ìka a sì máa kan ara àpótí. Nípa báyìí, ohun èlò kan ṣoṣo ń kọrin, ó sì tún ń lù. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí Ìjágun wà, wà lára ibi tí a ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Haruna Ìṣọ̀lá (1919–1983) ti Ìjẹ̀bú-Igbó lò ó nínú àpàlà rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé oríṣi ìró rẹ̀ kò pọ̀, kò sì lè borí ariwo àwùjọ ńlá.

Irú ìṣòro kejì yìí ni ó bí gìtá béèsì ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìró béèsì onígi ńlá ti ń sọnù láàrin ẹgbẹ́ olórin. Ní 1951, Leo Fender gbé Precision Bass jáde. Okùn rẹ̀ mẹ́rin gùn ní ínṣì 34. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí a tò sí ọrùn rẹ̀ mú kí ìró bọ́ sí ipò rẹ̀ gan-an, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ní 1960, Jazz Bass tẹ̀ lé e. Iye okùn àti gígùn kò yí padà. Ohun tí ó yí padà ni ọrùn, tí ó dín láti nǹkan bí ínṣì 1¾ sí 1½ ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti píkọ́ọ̀pù, tí ó di méjì ní ipò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ohùn Precision kì, ó sì dúró lójú kan. Ti Jazz ṣe é yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Nítorí náà, ìyàtọ̀ àárín ọmọ ìyá méjì yìí kò sí nínú ìró tí wọ́n ní, bí kò ṣe nínú àwọ̀ ohùn àti ìrọ̀rùn ọwọ́.

Ní Èkó, ìgbà méjèèjì pàdé. Fatai Rolling Dollar ta agídìgbo nínú ẹgbẹ́ J. O. Araba ní àwọn ọdún 1950. Ebenezer Obey gba inú ẹgbẹ́ Fatai kọjá kí ó tó dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Gìtá béèsì sì di òpó nínú orin jùjú rẹ̀ lẹ́yìn náà.

Èyí kò sọ gìtá béèsì di ọmọ agídìgbo. Àrólé ni ó jẹ́, kò sì jogún gbogbo ẹrù. Ó gba ohùn ìsàlẹ̀, ó fi agbára àti ọ̀pọ̀ ìró kún un. Ṣùgbọ́n kíkan àpótí já bọ́ sílẹ̀, ó di iṣẹ́ onílù. Ìtàn tí ó bá wo ọjọ́ tí àlejò dé nìkan yóò gbàgbé ẹni tí ó dìde fún un, yóò sì ka agídìgbo sí ohun tí a ti fi òmíràn rọ́pò tán, nígbà tí ó jẹ́ pé ìdajì iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì rí arọ́pò.