Láti Orí Ibùsùn dé Ara Ògiri: Àpò Ọ̀pá nínú Ìtàn Kúbùsù Alábùlẹ̀ Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Ní ọdún 1971, ilé-ìṣàfihàn iṣẹ́-ọnà Whitney ní New York gbé kúbùsù alábùlẹ̀ tí Jonathan Holstein àti Gail van der Hoof kó jọ kọ́ sára ògiri, bí ẹni gbé àwòrán kọ́. Àwọ̀ àti bátànì wọn ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń dá lé. Ní èrò tiwa, ó yẹ kí a yẹ ẹ̀yìn aṣọ náà wò pẹ̀lú.

Lórí ibùsùn, kò sí ibi kan tí ìwúwo kúbùsù rọ̀ sí ju ibòmíràn lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìṣó kan igun rẹ̀ méjèèjì mọ́ ògiri, ojú ìṣó ni gbogbo ìwúwo yóò dà sí, fọ́nrán òwú yóò sì máa já díẹ̀díẹ̀. Àpò ọ̀pá ni a fi yanjú èyí: aṣọ gbọọrọ kan, tí ó rí bí ibi tí okùn ṣòkòtò ń gbà kọjá, tí a fi ọwọ́ rán mọ́ ẹ̀yìn kúbùsù lókè, láti etí kan fẹ́rẹ̀ẹ́ dé èkejì. Abẹ́rẹ́ yóò mú aṣọ ẹ̀yìn àti òwú inú. Kò gbọdọ̀ yọ sí ojú. A ó dẹ àpò náà díẹ̀, kí ọ̀pá má baà wú ojú aṣọ síta. Ó ṣeé tú láìba kúbùsù jẹ́, èyí sì ṣe pàtàkì, nítorí ẹni tí ó rán àpò lè má jẹ́ ẹni tí ó rán kúbùsù.

Ní ọdún 2002, kúbùsù àwọn obìnrin adúláwọ̀ Gee's Bend, ní Alabama, dé ògiri Houston, lẹ́yìn náà ti Whitney. Ara ṣòkòtò iṣẹ́ tí ó ti gbó ni wọ́n ti gé àwọn kan nínú wọn, láti fi lé òtútù. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ti lo ọjọ́ ayé rẹ̀ lóko kí ó tó di kúbùsù. Ìṣó méjì kò lè gbé e.