Ọ̀já, Kẹ̀kẹ́ Ọmọ àti Ọ̀nà Kàbà

Kí òbí tó ra kẹ̀kẹ́ ọmọ, ó yẹ kí ó mọ irú ilẹ̀ tí wọ́n ṣe é fún. Ní ọdún 1733, William Kent ṣe ọ̀kan fún àwọn ọmọ ìjòyè Devonshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹran ni yóò máa fà á nínú ọgbà ọlọ́lá. Ní 1965, Owen Maclaren ṣe èyí tí ó fúyẹ́, tí ó ṣeé ká bí agboòrùn. Ilẹ̀ títẹ́jú ni àwọn méjèèjì ń fẹ́.

Ilẹ̀ Òkun kò rí bẹ́ẹ̀. Òkè àti àpáta pọ̀ ní Kàbà àti agbègbè rẹ̀, ọ̀nà oko sì tín-ín-rín. Ọ̀já ni ó bá a mu. Àwọn obìnrin ilẹ̀ náà mọ aṣọ híhun dáadáa. Èdè wa pàápàá ya iṣẹ́ yìí sọ́tọ̀: a ń ru ẹrù, a ń gbé àga, ṣùgbọ́n a ń pọn ọmọ.

Ann Moore, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà tí ó ṣiṣẹ́ ní Tógò, rí bí àwọn ìyá ṣe ń pọnmọ níbẹ̀. Nígbà tí ó padà sílé, òun àti ìyá rẹ̀ rán àpò ìgbọ́mọ tí a mọ̀ sí Snugli, ó sì gba ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ní 1969.

Nítorí náà, bí ọ̀dà bá wà ní àdúgbò yín, ẹ ra kẹ̀kẹ́ tí ìjánu rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ju ọ̀já nù. Bí a kò bá pọnmọ mọ́, ta ni yóò lóye pé ẹni a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn?