Ẹ̀rọ Tí Ó Ń Fèsì: Láti Kúdẹtì Dé Yàrá Kọ̀ǹpútà

Ní ọdún 1853, David Hinderer àti ìyàwó rẹ̀, Anna, tẹ̀dó sí Kúdẹtì ní Ìbàdàn. Wọ́n fẹ́ dá iléèwé sílẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ọmọ rẹ̀ lé àlejò lọ́wọ́ nínú ìlú jagunjagun? Olóyè Olúnlọ́yọ̀ ni ó fi méjì sílẹ̀, Akínyẹlé àti Yéjídé. Bí mo bá ń gba Kúdẹtì kọjá, mo máa ń ronú nípa ohun tí àwọn aládùúgbò yóò ti sọ fún un. Nígbà náà, ìwé ni ohun tuntun tí kò sí ẹni tí ó mọ ibi tí ó ń gbé ọmọ lọ.

Ọmọ SS2 ni mí, ní iléèwé ìjọba kan tí kò jìnnà sí Gbọ̀ngàn Mápó. A lé ní àádọ́rin nínú kíláàsì kan. Lónìí, gbogbo ènìyàn ń sọ pé ọgbọ́n àtọwọ́dá, tí a ń pè ní AI, ń bọ̀ wá ran olùkọ́ lọ́wọ́ ní iléèwé àwọn ìlú ńlá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Ìbàdàn máa gbọ́ irú ìlérí yìí.

Ìyá àgbà mi, ní Bẹyẹrúnkà, wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n wọ iléèwé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Tíṣà ní kí ó na ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí, kí ó fi kan etí òsì. Ó ní ọwọ́ òun kò tó, ni bàbá òun bá ṣẹ́jú sí òun pé kí òun tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ díẹ̀. Bí ó ṣe wọlé nìyẹn. Iye ọmọ tí ó wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà lé ní 800,000, bẹ́ẹ̀ ni ti ọdún tí ó ṣáájú kò tó 500,000. S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé ètò náà kalẹ̀ láti 1952, wọ́n sì ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé. Síbẹ̀, olùkọ́ kò tó. Ìyá àgbà ní ẹni tí ó kọ́ àwọn ní ọdún kejì, ìwé mẹ́fà ni òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán.

Níbi àìtó olùkọ́ yìí ni ẹ̀rọ ti rí ọ̀nà wọlé. Àpótí Rediffusion ti wà ní Ìbàdàn láti 1939, rédíò sì ni àwọn àgbà sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà 1959, WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbí, òun ni tẹlifíṣàn àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ọ̀kan nínú ìdí tí ìjọba fi dá a sílẹ̀ ni pé kí olùkọ́ kan tí ó mọṣẹ́ lè kọ́ ọ̀pọ̀ kíláàsì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n iléèwé ìyá àgbà kò ní tẹlifíṣàn, kò sì ní iná tí yóò tàn án. Ojú fèrèsé ilé oníṣòwò kan ní Ọjà'ba ni òun ti kọ́kọ́ wò ó, wọ́n sì da omi lé àwọn lórí kí wọ́n lè tú ká. Kò pẹ́ tí fíìmù òyìnbó àti ìpolówó ọjà fi gba àyè mọ́ ẹ̀kọ́ lọ́wọ́. Mi ò sọ pé WNTV kò wúlò o. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ti mọ Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá. Àmọ́ kì í ṣe torí ẹ̀rín ni wọ́n ṣe sọ pé àwọn rà á.

Ohun tí ó mú ẹ̀rọ tiwa yàtọ̀ ni pé òun ń gba èsì. O bi í, ó dáhùn. O jiyàn, ó tún dáhùn. Ní sáà tó kọjá, tíṣà ní kí a kọ nípa Ogun Jálumi. Mo yá fóònù ẹ̀gbọ́n mi, mo tẹ "ogun jalumi" láìfi àmì kankan sí i. Ẹ̀rọ náà kọ odindi ojú ewé kan fún mi nípa Ògún, òrìṣà irin, ó ní Jálumi jẹ́ ọ̀kan nínú ọdún rẹ̀ tí wọ́n máa ń ṣe létí odò. Ó kọ ọ́ bí ẹni tí ó bá wọn débẹ̀. Kí n má purọ́, mo dà á kọ. Tíṣà fi bírò pupa fa ilà gbọọrọ gba inú iṣẹ́ mi, ó ní kí n lọ bi ẹni tí ó mọ̀.

Ìyá àgbà ni mo bi. "Ogun tí Ìbàdàn jà ní Ìkìrun mà ni! Àwọn tí a lé ni wọ́n já lu omi." Ọjọ́ kìíní oṣù Bélú 1878 ni, Balógun Ajàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ni ó sì ṣáájú àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn. Nígbà tí mo ka ohun tí ẹ̀rọ kọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí, lẹ́yìn náà ó dákẹ́. "Kí ló dé tí kò kúkú sọ pé òun ò mọ̀?"

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ̀rọ wọ̀nyí kà jù. Yorùbá tí wọ́n rí kà kò tó nǹkan, púpọ̀ nínú rẹ̀ kò sì ní àmì lórí. Ní 1970, Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní iléèwé St Stephen's, Mọ̀dákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàrin àwọn iṣẹ́ yòókù. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kí ó tó lè rí bẹ́ẹ̀, wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun, kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kí wọ́n sì kọ́ àwọn olùkọ́ fúnra wọn. Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ gbé N-ATLaS jáde, AI tí ó gbọ́ Yorùbá, Haúsá, Ígbò àti Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ nílé. Inú mi dùn sí i, àmọ́ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa.

Kì í ṣe pé AI kò lè kọ́ni. Ní 2024, ní Benin City, Báńkì Àgbáyé àti ìjọba Ẹdó lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà láti kọ́ àwọn ọmọ iléèwé girama ní Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn tí iléèwé bá parí. Àwọn tí ó kópa ṣe dáadáa ju àwọn tí kò kópa lọ, ẹni tí ó wá déédéé ni ó sì jèrè jù. Olùkọ́ wà nínú yàrá náà pẹ̀lú wọn ní gbogbo ìgbà. Ní ọdún yẹn kan náà, àwọn aláṣẹ iléèwé Los Angeles fi ariwo gbé ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní Ed jáde. Láàárín oṣù mélòó kan, ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é ti dẹnu kọlẹ̀, wọ́n sì pa á. Ìlú tí ó lówó náà ni wọ́n.

Yàrá kọ̀ǹpútà wà ní iléèwé tiwa, ṣùgbọ́n iná kò sí, àgádágodo ni a máa ń bá lẹ́nu ọ̀nà. Láti 2015 ni JAMB ti fi gbogbo ìdánwò rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà, WAEC náà sì ti ń tọ ọ̀nà yẹn. Àwọn kan nínú wa yóò kọ́kọ́ di máòsì mú ní ọjọ́ ìdánwò.

Ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, iná dé. Mo tún bi ẹ̀rọ náà, mo fi àmì sí gbogbo ọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó mọ̀ pé ogun ni, ó mọ Ìkìrun, ṣùgbọ́n ó gbé ọdún rẹ̀ sí 1840. Mo kọ ọ́ sínú ìwé kékeré mi láti mú un lọ fún tíṣà ní ọjọ́ Ajé. Ìyá àgbà fa àga rẹ̀ súnmọ́ mi. "Sọ fún un pé irọ́ ni," ó ní, "kí o sì bi í pé ta ló sọ fún un." Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ.