Irin Tí Kì í Dípẹtà àti Ìdí Ìkòkò

Ìkòkò dídán tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní sitéńlẹ́ẹ̀sì kò tíì fi bẹ́ẹ̀ pẹ́ lórí iná. Ní 1913 ni irin tó sọ orúkọ yìí di mímọ̀ jáde ní Sheffield, ìlú àwọn alágbẹ̀dẹ ọ̀bẹ ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ ìbọn ló sì bí i, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Irin náà kì í dípẹtà, kì í sì í bá ata tàbí ọsàn jà, ṣùgbọ́n àléébù kan wà lára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ooru kì í tètè rìn nínú rẹ̀. Ohun tí àwọn oníṣẹ́ irin ṣe láti borí àléébù yìí ló kún inú ìtàn ìkòkò náà, òun náà ló sì ya ìkòkò gidi sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kàn ń dán lásán.

Nínú àwọn irin tó ti wà ní ilé ìdáná àwọn ará Yúróòpù ṣáájú, kò sí èyí tí kò ní wàhálà tirẹ̀. Bàbà ló mọ ooru gbé jù, ṣùgbọ́n oúnjẹ kíkan máa ń fa oró jáde lára rẹ̀, nítorí náà wọ́n ní láti fi tánganran bo inú ìkòkò bàbà, kí wọ́n sì máa tún un bò bó bá ti ń ṣí. Irin dúdú wúwo, ó ń dípẹtà, ó sì ń sọ ọbẹ̀ kíkan di dúdú. Álúmíníọ̀mù wọ́n gan-an títí di 1886, ọdún tí Charles Martin Hall ní Amẹ́ríkà àti Paul Héroult ní ilẹ̀ Faransé, láìmọ ara wọn, rí ọ̀nà láti fi iná mànàmáná yọ ọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ló di olówó pọ́ọ́kú, tó sì gba ilé ìdáná kan. Síbẹ̀, tòmátò àti ọtí kíkan máa ń jẹ òun náà.

Ọ̀bẹ ni ìyọnu náà ti hàn jù. Ọ̀bẹ ìjẹun tí wọ́n bá fi gé èso, tàbí tí ọtí kíkan bá kàn, máa ń dúdú, àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ nílé olówó a sì máa fi ìyẹ̀fun bíríkì ha á kó lè mọ́. Ojútùú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ sọ́wọ́ ní 1821, nígbà tí Pierre Berthier, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Faransé, po irin mìíràn tó ń jẹ́ chromium mọ́ irin lásán, tó sì rí i pé ásíìdì kì í tètè jẹ àdàlù náà. Ó tilẹ̀ dábàá pé kí wọ́n fi ṣe ọ̀bẹ. Kò ṣeé ṣe. Chromium tó wà nígbà náà kún fún kábọ́ọ̀nù, kábọ́ọ̀nù yìí ló sì ń mú kí irin náà máa ṣẹ́ bí wọ́n bá ń lù ú. Ó di ẹ̀yìn 1890 kí Hans Goldschmidt ní Jámánì tó rí ọ̀nà láti yọ chromium tí kò ní kábọ́ọ̀nù nínú. Ẹ̀rọ àti ohun èlò ló fa ìdádúró náà, kì í ṣe àìgbọ́n.

Ní 1871 ni wọ́n bí Harry Brearley ní Sheffield. Iṣẹ́ irin yíyọ́ ni bàbá rẹ̀ ń ṣe, òun náà sì ti wọ ilé-iṣẹ́ Thomas Firth nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12. Kò rí ilé-ìwé gíga lọ. Iṣẹ́ ọ̀sán àti ìwé òru ló sọ ọ́ di ẹni tó mọ irin dénú. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ Firth àti ti John Brown pa owó pọ̀ dá yàrá ìwádìí kan sílẹ̀ ní 1908, òun ni wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀. Ní 1912, ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe ìbọn gbé ẹjọ́ wá bá a pé ooru àti èéfín ẹ̀tù ń jẹ ihò ìbọn, ó ń gbòòrò ju bó ti yẹ lọ. Brearley mọ̀ pé irin tó ní chromium máa ń fara da ooru ju irin lásán lọ. Ó ń pò ó ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, títí wọ́n fi da èyí tó ní ìdá 12.8 chromium àti ìdá 0.24 kábọ́ọ̀nù nínú 100, ní ọjọ́ 13 oṣù kẹjọ ọdún 1913.

Ìtàn kan wà tí àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa sọ, pé ààtàn irin ni ó ti rí i tó ń dán láàárín àwọn tó ti dípẹtà. Ìtàn náà dùn, àmọ́ inú iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni ìdáhùn ti wá. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀rọ asọhun-kékeré-di-ńlá wo bí inú irin ṣe rí ní láti kọ́kọ́ fi ásíìdì pa ojú rẹ̀. Irin yìí kọ ásíìdì náà. Brearley gbìyànjú ọtí kíkan àti omi ọsàn wẹ́wẹ́, ìyẹn náà kò mú un. Ọmọ Sheffield ni. Bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọ̀bẹ ló máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn.

Àwọn ọ̀gá rẹ̀ kò kà á sí. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó kọ́kọ́ fún ní irin náà fi rọ ọ̀bẹ, wọ́n ní ó le jù, ojú rẹ̀ kì í sì í mú, wọ́n wá ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun ló ṣe ọ̀bẹ tí kì í gé nǹkan. Ernest Stuart, tó ń bójú tó iṣẹ́ ọ̀bẹ fún R. F. Mosley ní Portland Works, ló ní sùúrù. Ó fi ọtí kíkan dán an wò, ó rí i pé kò lábàwọ́n, òun ló sì fún un ní orúkọ sitéńlẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ayé fi ń pè é títí di òní. Lẹ́yìn ìgbìyànjú bíi mélòó kan, ó rí ìwọ̀n ooru tó yẹ kí wọ́n fi rọ ọ́, ọ̀bẹ náà sì jáde ní 1914. Ogun àgbáyé kìíní gba irin náà lọ́wọ́ àwọn alágbẹ̀dẹ, wọ́n ń fi ṣe ẹ̀yà ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ òfuurufú. Brearley àti àwọn ọ̀gá rẹ̀ jà lórí ẹni tó ni ẹ̀tọ́ sí àwárí náà, ó sì fi yàrá ìwádìí náà sílẹ̀ ní 1915.

Kì í ṣe òun nìkan ló ń wá nǹkan yìí. Elwood Haynes ń ṣe irú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Indiana ní Amẹ́ríkà. Ní Essen ní Jámánì, Benno Strauss àti Eduard Maurer ní ilé-iṣẹ́ Krupp ti po nickel mọ́ irin àti chromium, Krupp sì ti béèrè fún ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1912. Àwọn òpìtàn ṣì ń jiyàn lórí ẹni tó ṣáájú, ṣùgbọ́n ní ti ìkòkò, àríyànjiyàn náà kò tó nǹkan: irin Brearley ni irin ọ̀bẹ, irin ti Essen ni irin ìkòkò. Irin tí kò ní nickel máa ń le, ó dára fún ohun tó ní ojú mímú. Èyí tó ní nickel máa ń rọ̀, ẹ̀rọ lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó jìn bí ìkòkò láìya. W. H. Hatfield, ẹni tó gba ipò Brearley ní Sheffield, ló gbé àdàlù tó ní ìdá 18 chromium àti ìdá 8 nickel jáde ní 1924. Ibẹ̀ ni nọ́ńbà 18/8 àti 18/10 tí wọ́n ń tẹ̀ sí ìdí ìkòkò ti wá.

Iṣẹ́ chromium nínú rẹ̀ kò ṣòro láti yé. Ó máa ń bá afẹ́fẹ́ pàdé lójú irin náà, á wá di awọ tín-ín-rín tí ojú kò lè rí. Bí ṣíbí bá ha awọ yìí, afẹ́fẹ́ á tún un ṣe fúnra rẹ̀. Irin gbọ́dọ̀ ní tó ìdá 10.5 chromium kí èyí tó lè ṣẹlẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ Wiggin ní Bloxwich, tí ọjà rẹ̀ ń jẹ́ Old Hall, fi irin yìí ṣe ìkòkò tíì ní 1930, ọdún kan náà tí wọ́n parí ilé gogoro Chrysler ní New York, tí irú irin ti Krupp ń dán lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n tíì kì í jó. Ìgbà tí wọ́n gbé ìkòkò sitéńlẹ́ẹ̀sì ka iná pẹ̀lú ọbẹ̀ ni àṣírí tú. Bàbà ń gbé ooru kọjá ní ìlọ́po bíi 25 ju irin yìí lọ, álúmíníọ̀mù ní ìlọ́po bíi 15. Ibi tí iná bá ti kan ìdí ìkòkò nìkan ló máa ń gbóná, oúnjẹ ibẹ̀ á jó, ti ẹ̀gbẹ́ kò sì ní tíì hó.

Ilé-iṣẹ́ Revere, tó ti ń rọ bàbà láti 1801, ló kọ́kọ́ mú ìdáhùn tó tà káàkiri wá. Ní 1939, ní ìlú Rome ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n ṣe ìkòkò sitéńlẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fi bàbà bo ìdí rẹ̀ níta. Inú rẹ̀ kò lè dípẹtà, ìdí rẹ̀ sì ń pín ooru. Àwọn ìyàwó ilé Amẹ́ríkà gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbà náà ń fẹ́ fífọ̀ ní gbogbo ìgbà. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ náà dín bàbà ìdí rẹ̀ kù láti dín owó kù, àwọn tó mọ̀ sì ń wá ti àtijọ́ kiri.

Ọ̀nà tó lágbára jù ni kí wọ́n fi irin tó mọ ooru gbé sáàárín sitéńlẹ́ẹ̀sì méjì. Àwọn kan fi àwo álúmíníọ̀mù nínípọn mọ́ ìdí ìkòkò, wọ́n sì fi sitéńlẹ́ẹ̀sì bò ó lábẹ́. John Ulam, onímọ̀ irin ní Canonsburg ní Pennsylvania, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa lẹ oríṣiríṣi irin pọ̀, ṣe é ní ọ̀nà míì: álúmíníọ̀mù náà kò dúró sí ìdí, ó gun ẹ̀gbẹ́ ìkòkò dé ẹnu. Ní 1971 ni ó dá All-Clad sílẹ̀ lórí èyí. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ó tó owó rẹ̀ fún ọbẹ̀ tó ń ki bíi kọ́sítáàdì. Ẹni tó kàn fẹ́ se ìrẹsì tàbí yangan kò nílò ju ìdí nínípọn lọ.

Ní àwọn ọdún 1950, nickel wọ́n, àwọn oníṣẹ́ irin sì fi manganese rọ́pò púpọ̀ nínú rẹ̀. Irin yìí ló wà nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò olówó kékeré lónìí. Ó ń dán bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n iyọ̀ máa ń tètè lu ihò sí i lára. Òòfà kò lè fi ìyàtọ̀ wọn hàn, nítorí kì í sábà gbá èyíkéyìí nínú méjèèjì mú. Ohun tí òòfà lè sọ ni bóyá ìdí ìkòkò yóò ṣiṣẹ́ lórí àwọn ààrò ìgbàlódé tó ń fi agbára òòfà mú ìkòkò gbóná. Nítorí wọn ni àwọn oníṣẹ́ ṣe ń fi irin tí òòfà ń gbá mú sí abẹ́ ìkòkò.

Nílẹ̀ Yorùbá, ìkòkò amọ̀ tí àwọn obìnrin ń mọ ní Ìpetumodu àti Ìlọrin ni wọ́n ti fi ń sebẹ̀ tipẹ́, kí álúmíníọ̀mù tó gba ipò rẹ̀, àti èyí tó wá látòkè òkun àti èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ ń fi àlòkù irin dà. Kò yani lẹ́nu pé sitéńlẹ́ẹ̀sì kò lé e lọ: ó wọ́n jù, ìkòkò ọlọ́wọ́ gígùn kan kì í dúró fún orógùn nígbà tí wọ́n bá ń ro àmàlà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rẹ̀ sì máa ń jó ọbẹ̀ nídìí. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ata àti tòmátò tó ń jẹ álúmíníọ̀mù kì í ṣe ohun tí a lè fojú fò, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe ní Cameroon sí ìkòkò tí wọ́n fi àlòkù irin dà sì rí òjé nínú wọn.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń ra ìkòkò sitéńlẹ́ẹ̀sì má fi dídán rẹ̀ ṣe òṣùwọ̀n. Kó gbé e wò bóyá ó wúwo nídìí, kó yí i padà wá nọ́ńbà 18/8 tàbí 18/10, kó wò ó bóyá àwo ìdí rẹ̀ nípọn, tó sì gbòòrò dé etí ìkòkò, kó sì fa ọwọ́ rẹ̀ wò bóyá ìṣó tó dì í mú le dáadáa. Bí ó bá sì délé, kó má da iyọ̀ sínú omi tútù nínú rẹ̀. Kó jẹ́ kí omi hó ná, torí iyọ̀ tó bá jókòó sí ìdí ìkòkò láìyọ́ ló ń lu ihò wẹ́wẹ́ sí irin tí kì í dípẹtà.