Èrú Ìbò Kì í Bẹ̀rẹ̀ Nídìí Àpótí

Bí a bá dárúkọ èrú nínú ìbò dídì, ẹni tí ó dìbò lẹ́ẹ̀mejì, tàbí tí ó fi orúkọ òkú dìbò, ni ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn. Ìwà ìbàjẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn Nàìjíríà fi èyí tí ó burú jù ú lọ hàn.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kejìlá ọdún 1964, a dìbò sí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀. Kí ọjọ́ náà tó pé, a ti kéde pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ti wọlé láìsí ẹni tí ó bá wọn dupò, pàápàá ní Ìhà Àríwá. Ẹgbẹ́ UPGA ní wọ́n dí àwọn ènìyàn wọn lọ́wọ́ láti forúkọ sílẹ̀, wọ́n sì kọ ìbò náà. Ìhà Ìlà-Oòrùn kò dìbò àfi ní oṣù kẹta ọdún 1965.

Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá ọdún náà, ó kan Ìhà Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn olùgba-orúkọ fara pamọ́, ìwé ìdìbò bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, a sì kéde èsì méjì tí ó tako ara wọn. Ilé jóná, ẹ̀mí ṣòfò. Rògbòdìyàn náà kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí àwọn ológun dìtẹ̀ ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1966.

Eyo Esua, olórí ìgbìmọ̀ ìdìbò, ti jẹ́ akọ̀wé àgbà Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà rí; ṣùgbọ́n ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ẹni tí ó dìbò lẹ́ẹ̀mejì fi ìbò kan kún un. Ẹni tí ó tìlẹ̀kùn mọ́ olùdíje gba ìbò gbogbo àdúgbò lọ́wọ́ wọn.